Àgbà Tó Yẹ Kó Bá Ọmọ Wí Ló Ń Tú Aṣọ

Ẹ gbà mí o! Ṣé ojú ò ti Awarun ni? Obìnrin tó nílé, tó ní òwò, tó ní èèyàn lábẹ́, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí láàárín ìlú Ọ̀yọ́, òun náà ló rí ọmọkùnrin ahunṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, tí ò tíì mọ ibi tó máa sùn, ló bá gbé e wọ yàrá. Wọn ò sì kàn sọ fún wa pé ó gbé e wọ yàrá o. Wọ́n fi hàn wá! Kúnlé Afọláyan ò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí nínú Aníkúlápó. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí fíìmù náà ti jáde lórí Netflix ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, tí mò ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ìgbà tí mo wá jókòó wò ó tán ni mo mọ̀ pé wọn ò tíì sọ ìdajì fún mi.

Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Awarun. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n? Tóyìn Tòmátò ayé ìjọ́sí, nígbà tí gbogbo ilé máa ń pa ẹnu mọ́ torí eré orí tẹlifíṣọ̀n Oh Father, Oh Daughter. Òun náà ló tún di Ẹniọlá Sàlámì nínú King of Boys lọ́dún 2018, tó fi ohùn àti omijé kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ọmọ ìta Èkó. Mo rò pé ìbínú nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe ni, àṣé a ò tíì rí nǹkan kan. Nínú Aníkúlápó, kò pariwo. Ó kàn wo Sárò, ọmọkùnrin ahunṣọ yẹn, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì tún padà wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìyá tó ń yan iṣu lọ́jà tí ò fẹ́ kí oníṣu rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù, torí ẹ̀rín ẹni tí ò bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni máa bá òun wí ni. Ta ló fẹ́ bá a wí nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ wá bá?

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, ìyá ìjọ gidi, tó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń wò kí òun lè gbàdúrà sí i. A jọ jókòó. Nígbà tó débi tí ọ̀rọ̀ wọ yàrá, ìyá mú ìborùn, ó fi bojú, ó ní “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Àmọ́ mo rí ojú méjèèjì láàárín ìka. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i bá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá dúró ní ìṣẹ́jú yẹn, ọmọ rẹ̀ sì dá fíìmù padà sẹ́yìn kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dáa. Ìyá ò bá a jà. Ó tún ìborùn mú ni.

Ẹ jẹ́ ká fi Awarun sílẹ̀, ká dé ààfin. Táíwò Hassan, Ògògo tiwa, ni Aláàfin. Ògògo tí a mọ̀ sí oníjàgídíjàgan, ó wá jókòó tẹ̀ẹ́ lórí ìtẹ́, ó lè wo ènìyàn títí ìdí ẹni náà á fi máa gbọ̀n. Iṣẹ́ yẹn dára, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń fi Àrọ́lákẹ́, olorì kékeré, ṣe? Ilé kún fún olorì, àwọn tó wà nílẹ̀ ò tíì gbọ́ ara wọn yé, ọba tún lọ mú ọmọdé tí ò bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyáálé wá sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni àmúṣẹ̀sín. Bímbọ́ Adémóyè, tó ṣe Àrọ́lákẹ́, tó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú fíìmù mìíràn, gbé ẹ̀rín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá dákẹ́ láàárín àwọn ìyáálé yẹn, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó ń ronú ọ̀nà àtisá ló dákẹ́ yẹn. Lóòótọ́, olorì tó ń yọ́ jáde lọ bá ahunṣọ, ìwà ìbàjẹ́ ni, mi ò sì ní bá a fọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ ẹ bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò yẹ nínú ilé yẹn.

Ní ti Sárò, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ létí mi. Kúnlé Rẹ̀mí tó ṣe é, ẹni tó gba ìdíje Gulder Ultimate Search lọ́dún 2010, lẹ́wà lóòótọ́, Ọlọ́run ṣiṣẹ́ sí i lára, fíìmù náà ò sì fi iṣẹ́ Ọlọ́run yẹn pa mọ́ fún wa, iwájú kù díẹ̀, ẹ̀yìn ò kù rárá. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò tíì dán tó ti àwọn tó yí i ká, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe aláìmoore. Obìnrin kan gbà á sílé, ó já a sílẹ̀. Obìnrin kejì fi ipò olorì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó dúró ti òkú rẹ̀ nínú igbó títí ẹyẹ àkàlà fi jí i, ó gba àdó àjídìde lọ́wọ́ ẹyẹ fún un. Kí ni Sárò fi san án fún un? Ó gba orúkọ Aníkúlápó, ó ń jí òkú kiri, ó ń gbowó, ó ń kó obìnrin jọ. Ó wá burú débi pé ọmọ ọba kú, ìyá ń sunkún, bàbá ń sunkún, Sárò ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí i. Níwájú òkú! Inú mi dùn nígbà tí Àrọ́lákẹ́ da ohun tó wà nínú àdó yẹn nù. Mo pàtẹ́wọ́.

Tí ẹ bá rò pé ìyẹn ni òpin àìnítìjú, ẹ ò tíì wo Ẹlẹ́ṣin Ọba. Fíìmù tí Bíyìí Bándélé ṣe nìyẹn láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1975. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ yìí náà ni Dúró Ládípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà ṣáájú ìgbà yẹn. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí fíìmù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ó fi ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ fún wa láti máa sọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọba wàjà. Ẹlẹ́ṣin ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ. Gbogbo ìgbádùn tó fi ń jayé láti ọdún yìí wá, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń fún un. Aṣọ tó wù ú, oúnjẹ tó wù ú, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró. Ọjọ́ wá pé. Ìlù ń dún, àwọn obìnrin ọjà ń kọrin sí i. Bàbá yìí gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń kọjá lọ, ó ní òun fẹ́ ẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ń lọ sọ́run! Ẹni tó yẹ kó máa dágbére, ó ń béèrè ẹní ìyàwó!

Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe é. Ọdúnladé tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo wa, tí a máa ń fi ránṣẹ́ síra wa tí nǹkan bá pa wá lẹ́rìn-ín. Mo ti múra àtirẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ yọ, ó sì jẹ́ kí n rín in. Ó ń jó, ó ń dáṣà, ó ń fi àwọn obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn. Kí n tó mọ̀, mo ti gba tirẹ̀. Ibi tó ti mú mi nìyẹn, torí bí ó ṣe mú gbogbo ọjà Ọ̀yọ́ náà nìyẹn. Nígbà tí òwúrọ̀ wá mọ́ tí kò lọ, ẹ̀rín yẹn ò kúrò lójú rẹ̀ tán, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bá a rín in mọ́. Òṣèré ni Ọdúnladé. Àwa la fi í ṣe àwòrán orí fóònù.

Ẹ̀bi Ẹlẹ́ṣin kọ́ ló ń dùn mí jù o, ti Ìyálọ́jà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọbìnrin tí wọ́n fà fún un yẹn, ọmọ Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà? Ìyálọ́jà mọ̀! Ó dúró díẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì gbà. Àwọn obìnrin yòókù ń wo ojú rẹ̀. Ó ní a kì í fi ohunkóhun du ẹni tó ń lọ. Ṣaffy Bello ṣe ìdúró yẹn débi pé mo bínú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kò sọkún, kò já gèlè, ojú rẹ̀ kàn le díẹ̀, ló bá di ìyálọ́jà padà. Ẹ sọ fún mi, ìyá wo nínú wa ló lè mú àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ fún bàbá àgbà torí pé ìlù ń dún?

Òyìnbó aláṣẹ wá dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ó ti Ẹlẹ́ṣin mọ́lé. Àwọn kan sọ pé òyìnbó ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n bàbá ti ń wá ẹni tó máa dá òun dúró kí òyìnbó tó dé. Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nílùú òyìnbó, ti padà wálé láti sin ín. Ó bá bàbá láàyè. Òun ló wá kú dípò rẹ̀. Déyẹmí Ọ̀kanlàwọ́n ò pariwo rárá nínú ipò yẹn, ohùn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló ń lò, ìyẹn ló fi dùn mí wọ eegun.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ọ̀yọ́, ká wá sí Èkó. Nínú A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Jedidah, tí Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, bí ọmọkùnrin márùn-ún fún ọkùnrin márùn-ún. Ẹ má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Bàbá kan Ígbò, ọ̀kan Haúsá, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan Íjọ̀, ọ̀kan Urhobo. Ó fi inú kan ṣe àpérò gbogbo Nàìjíríà! Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ké mọ́ ọmọ aládùúgbò tó bá hùwà àìdáa. Àìsàn kíndìnrín wá dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, owó ò sí, làwọn ọmọ bá gbìmọ̀ láti lọ ja ọ̀gá tí àkọ́bí ń ṣiṣẹ́ fún lólè. Ẹnu mi ò lè gbé e pé olè jíjà dára. Àmọ́ ẹ wo Fúnkẹ́ nígbà tí àìsàn mú un: ó yọ gbogbo Jẹ́nífà apanilẹ́rìn-ín tí a mọ̀ ọ́n sí kúrò lára, ojú gbẹ, ètè gbẹ, ó ń bá àwọn ọmọ jà kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu bú u, ẹ̀yin náà lẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Inú tó bí fún ọkùnrin márùn-ún yẹn lẹ san owó wò.

Mo ti fẹ́ gbé House of Ga'a kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà. Bọ́láńlé Austen-Peters gbé e jáde lọ́dún 2024. Ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà kì í ṣe tuntun sí wa, a ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé bí o láyà o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà o sòótọ́. Ọkùnrin tó ń fi ọba jẹ tó tún ń pa á, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún 1774. Fẹ́mi Branch wọ inú rẹ̀ lọ, ó ki ara bọ̀ ọ́ débi pé mo fẹ́ fi àga sọ ọ́. Wọ́n ní kí ó fi àgbọ̀nyín rúbọ. Àgbọ̀nyín sì ni orúkọ ọmọbìnrin Abíọ́dún. Ó gbé ọmọ ọba, ó pa á. Ọmọ Gáà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ọmọbìnrin yẹn! Bàbá wo ló ń ṣe èyí?

Ẹ máa kà á bí mo ṣe ń kà á. Ẹlẹ́ṣin jayé, Olúńdé kú. Gáà ń ṣoògùn, Àgbọ̀nyín kú, ọmọ Gáà fúnra rẹ̀ sì dìde sí i. Jedidah bímọ bó ṣe wù ú, àwọn ọmọ dolè. Aláàfin kó olorì jọ, Àrọ́lákẹ́ di ìsáǹsá. Àwa tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ wa la kọ́kọ́ máa ń nàka sí: wọ́n ń wọ aṣọ péńpé, wọ́n ń ṣe nǹkan àìmọ́ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo fíìmù tí mo wò yìí, àgbà ló ń jẹ gbèsè, ọmọ ló ń san án. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ò fi èyí pa mọ́; àwa là ń wo ìdí Sárò tí a ò rí i.

Ẹ wo ti fíìmù Gangs of Lagos náà lọ́dún 2023, tí wọ́n gbé aṣọ eégún Ẹ̀yọ̀ wọ ọ̀daràn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bínú, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gbé ẹjọ́ dìde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe aṣọ ẹni tó fẹ́ fi ìbọn pa mọ́ sábẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tí mo rí àwọn àgbà wa tí wọ́n fi irú ohùn yẹn bá àgbà ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń gbé ọmọdé wọ yàrá wí, ọjọ́ náà ni mo máa gbà pé wọ́n bínú dénú.

Bí wọ́n bá wá ní kí n dá ẹ̀bùn fún ẹnì kan nínú gbogbo wọn, mi ò ní fún Ẹlẹ́ṣin, mi ò sì ní fún Awarun. Ṣaffy Bello ni mo máa fún. Mo máa dìde, mo máa kúnlẹ̀, mo máa kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá kó ọmọ mi àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, a ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí ìyá náà tó gbójú sókè.