Wọn ò gba sàráà lọ́wọ́ mi wọ́ọ́rọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ta ló gbọ́ ọ rí pé èèyàn fẹ́ ṣe sàráà, kí ẹni tó fẹ́ gbà á máa wádìí rẹ̀ bí olè? Jíìpù ni mo ní kí n fi tọrẹ o, kì í ṣe bàtà tó ti lu! Jíìpù Jámánì, dúdú mìnìjọ̀, àga rẹ̀ awọ ni, 2008, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí òde ìdána kan ní Peckham, alága ìjókòó fúnra rẹ̀ dákẹ́ ná kí n tó páàkì tán.

Ẹ má sì bi mí pé kí ni mo lọ fi dísẹ́ẹ̀lì ṣe. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tún owó-orí ọkọ̀ tò ní 2001 tó fi rọ ọlọ́kọ̀ dísẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ni gbogbo ayé bá sáré lọ rà á, èmi náà bá wọn sáré. Àfi bí wọ́n ṣe yí ohùn padà! Ó di pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ aráyé jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n na ULEZ (agbègbè tí ọkọ̀ eléèéfín ti ń sanwó) kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, títí dé ẹnu ọ̀nà mi ní Thamesmead, £12.50 lójúmọ́ bí táyà mi bá ti fojú kan títì.

Ẹ bá mi ṣírò o. Ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago mẹ́ta ìdájí ló ń parí, bẹ́ẹ̀ aago méjìlá òru ni ọjọ́ ń yí nínú ìwé tiwọn. Mo wakọ̀ lọ, owó. Mo wakọ̀ bọ̀, owó mìíràn. £25 lórí àdúrà kan ṣoṣo, àdúrà náà sì ni pé kí Ọlọ́run pèsè owó! Ọjọ́ kan péré tí wọn kì í gbà á láàárín ọdún ni ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ tí kálukú jókòó sílé. Aládùúgbò mi wá ní mọ́tò bẹtiróòlù kan, 2006, tó ń hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀wà, òun ò san kọ́bọ̀! Ọkọ̀ tó bá sì ti lé ní ogójì ọdún, wọ́n ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ọ̀fẹ́ ni. Jíìpù tèmi dàgbà jù fún òfin, kò sì tíì dàgbà tó fún àforíjì. Ó di 2048!

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ṣebí wọ́n ń fún èèyàn ní £2,000 kó jọ̀wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún wọn? Wọ́n ń fún un lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ ní èèyàn lè yọ̀ǹda rẹ̀ kó lọ ṣèrànwọ́ ní Ukraine, mo sì ti ń fojú inú wo jíìpù mi lójú ogun, tòun ti sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn gíláàsì. Ìgbà náà gan-an ni àbúrò bàbá mi kú, mo lọ sìnkú nílé, kí n tó dé, oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ikú pàápàá wà nínú ìgbìmọ̀ wọn!

Àbúrò mi ní Ìbàdàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi jàre." Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà, Nàìjíríà sì ti fi irú ìyẹn sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kó wọlé. Ó ní, "Àbí ẹ ti gbàgbé àwọn mẹkáníìkì wa ni?" Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń pè.

Ni mo bá pe ẹgbẹ́ aláàánú kan (ẹ má bi mí lórúkọ wọn), àwọn tó ń ta ọkọ̀ ẹni ní gbàǹjo, tí wọ́n á fowó rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Ọmọbìnrin kan gbé fóònù. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ṣé orúkọ yín ló wà nínú ìwé? Ṣé táyà rẹ̀ pé mẹ́rin? Yéè! Bàbá ìyàwó mi ò bi mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ọmọ rẹ̀! Mo ní iná kan kàn ń tàn níwájú mi, torí asẹ́ èéfín rẹ̀ ti dí. Eré àsápajúdé lójú títì ńlá ni asẹ́ náà ń fẹ́ kó tó lè jó ẹ̀gbin ara rẹ̀ dànù, èmi sì rèé, ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé. Ó mí kanlẹ̀ sí mi létí.

Mo wá gbá inú jíìpù kí wọ́n tó wá gbé e. Lábẹ́ àga ẹ̀yìn ni mo ti rí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti gan bí òkúta wẹ́wẹ́, abẹ̀bẹ̀ olóògbé kan tí mi ò mọ̀ rí, àti yẹtí kan, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, yẹtí ta nìyí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í, iye obìnrin tó ti bá wa wọ jíìpù yẹn lọ sóde pẹ̀lú gèlè, tí gbogbo wọn ń jẹ́ àǹtí, tí gbogbo wọn ń sùn bọ̀, ibo ni kí n ti mọ etí tó ni ín? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́únjẹ ara mi.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé e, tírélà wọn ò lè wọ àdúgbò wa. Awakọ̀ ní kí n gbé e jáde sí títì ńlá. Bátìrì ti kú. Ta ló fi bátìrì tirẹ̀ jí i? Ìkòkò ẹ̀wà! Mo wa jíìpù mi nígbà ìkẹyìn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ń nu ojú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà méjì wọlé pa pọ̀. Ọ̀kan ní wọ́n ta jíìpù ní £285, wọ́n sì dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ mi. "Ìyáàfin," ni wọ́n pè mí. Èkejì, kámẹ́rà ti ya ìṣẹ́jú mẹ́ta mi, mo sì ti gbàgbé láti san £12.50 kó tó di òru ọjọ́ kẹta: £180, tí mo bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, £90. Ibi tí mo ti ń wá ìjókòó ni fóònù ti dún. Mo rò pé Ìbàdàn ni.

Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ aláàánú ni. Ó ní bóyá mo tún ní ọkọ̀ mìíràn.