Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ta Ló Pa Á?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí: ata kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹja kì í sì fò látinú odò bọ́ sínú ìkòkò. Ohun tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ yóò ra ìkòkò lọ́tọ̀, yóò ra ìdérí lọ́tọ̀, yóò sì tún máa sanwó lọ́dọọdún kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lè bá a jẹ ẹ́. Ọjọ́ ọ̀hún ti dé o. Ẹ bi àwọn tó ń ra géèmù.

Orí ìkòkò, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ta géèmù, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Sony gbé PlayStation 3 jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù Kọkànlá ọdún 2006, dọ́là 599 ni èyí tó tóbi nínú oríṣi méjèèjì. Ariwo sọ pé ọjà wọ́n jù. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé owó tí Sony ń ná láti ṣe ọ̀kan ju iye tí wọ́n ń tà á lọ. Ọlọ́jà wo ló ń ta ìkòkò ní àdánù tí inú rẹ̀ sì ń dùn? Ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ẹ ó ti máa ra iyọ̀ ni. Géèmù tí ẹlòmíì ṣe, tí wọ́n bá tà á nínú ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì Sony, Sony á bu nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lára owó rẹ̀ kí ẹni tó jìyà iṣẹ́ tó fọwọ́ kan tirẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ìkòkò ṣì máa ń rọ̀ lówó bó bá ti ń gbó. PlayStation 2 tó jáde ní dọ́là 299 lọ́dún 2000 ti wálẹ̀ sí 99 lọ́dún 2009. PlayStation 5 jáde ní 499 lọ́dún 2020. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sún un sókè sí 549.99. Aṣọ ń gbó lórí àtẹ, owó rẹ̀ ń ga sí i! Sony ní ọrọ̀ ajé ló le. (Ó le fún ta?) Ti PlayStation 5 Pro tún wá dùn jù: dọ́là 699.99 lọ́dún 2024, kò sì ní ibi tí ẹ ó ti díìsì bọ̀ ọ́. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ta ìdérí yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ díìsì, ní dọ́là 79.99. Nintendo náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ta Switch 2 ní 449.99 lọ́dún 2025, wọ́n wá ṣe géèmù kan tí yóò máa fi ẹ̀rọ náà han ẹni tó ti rà á, wọ́n sì gba 9.99 lé e lórí.

Ká ní ìyá olóúnjẹ kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, dán irú rẹ̀ wò. Ẹ ní kó bu àmàlà wá, ó gba owó àwo. Ẹ sanwó àmàlà, ẹ ń retí gbẹ̀gìrì, ó ní, “Ẹ má bínú sà, ti gbẹ̀gìrì lọ́tọ̀ ni.” Ọ̀rẹ́ yín wọlé, ó fẹ́ jókòó tì yín, ó ní kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ san owó ọdún. Kí ẹ tó la ẹnu, ó ti gbé ẹran tí wọ́n fi ewé wé síwájú yín: “Ẹ sanwó ná kẹ́ ẹ tó tú u. Ó lè jẹ́ ṣàkì, ó lè jẹ́ egungun. Orí yín ni.”

Àmàlà á fò lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀, n kò bù mọ́ ọn. Owó ọdún ni PlayStation Plus, tí ẹ ó san kí ẹ tó lè bá ọ̀rẹ́ ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sún sí dọ́là 79.99 lọ́dún 2023 fún èyí tó kéré jù. Ẹran inú ewé ni páàkì agbábọ́ọ̀lù tí EA ń tà nínú géèmù bọ́ọ̀lù wọn. Lọ́dún 2018, àwọn aláṣẹ Belgium ní tẹ́tẹ́ ni; nígbà tó di 2019, EA kò ta owó orí géèmù tí wọ́n fi ń ra páàkì náà níbẹ̀ mọ́. Níbòmíràn, wọ́n ń tà á lọ. Bí géèmù ọdún tuntun bá sì dé, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fi owó kó jọ kì í bá yín wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má dá ọlọ́jà nìkan lẹ́bi. Lọ́dún 2006, Bethesda ta ìhámọ́ra fún ẹṣin inú géèmù Oblivion, dọ́là 2.50. Ẹṣin tí kò jẹ koríko rí! Gbogbo ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì ń sanwó. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, géèmù náà padà dé ní àtúnṣe, dọ́là 49.99. Ẹni tó bá fẹ́ ìhámọ́ra tuntun fún ẹṣin rẹ̀ yóò ra èyí tó fi dọ́là mẹ́wàá jù ú lọ.