Ìjàpá Oníwáyà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Ẹṣin, ọlọ́lá ìlú Ìlọrin.

Ta ló tó Ẹṣin ní Ìlọrin? Bó bá di ọjọ́ ọdún, iwájú ààfin Ẹmíà ló ti ń yan. Ó lówó, ó sì fẹ́ràn orin. Ó ra sípíkà gàgàrà méjì, ó ń fi gbọ́ dàdàkúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú. Ohùn ń dún, ara Ẹṣin yá gágá.

Ìjàpá gbọ́. Ó ra wáyà iná lásán lọ́jà, ó fi awọ tí Òjòlá bọ́ sílẹ̀ wé e, ó di ilé Ẹṣin.

"Bàbá, wáyà yín ló ń jẹ ohùn Odòlayé. Orí òkúta ìlọrin ni mo ti lọ tèmi."

Ẹṣin san owó tó tó ra sípíkà mìíràn. Wọ́n so wáyà, Ẹṣin tẹ́tí. "Kò mà yàtọ̀."

"Áà! Kò tíì là ni. Ẹ jẹ́ kó kọrin fún ogójì òru ná."

Ọjọ́ méje péré ni Ìjàpá sì fún oníbàárà láti dá ọjà padà. Ẹ ṣáà máa gbọ́ mi lọ.

Nígbà tí ogójì òru pé, Ẹṣin ní ó ti là. Etí Ẹṣin ló mọ́ ọn lára o! Sípíkà tuntun a máa rọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Kí ni wáyà fẹ́ rọ̀? Láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí sípíkà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ká ní láti Ọjà Ọba dé òkè Sóbì ni, à bá ní kó ki.

Àgbò rà, Òbúkọ rà. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ orin:

Ta ni ò gbọ́ o?
Jàńkàn jàńkàn.
Adití ni ò gbọ́ o.
Jàńkàn jàńkàn.
Ọmọlúàbí ti gbọ́ o.
Jàńkàn jàńkàn.

Ta ló fẹ́ jẹ́ adití? Gbogbo wọn gbọ́.

Àdán nìkan ló ní, "Èmi tí mò ń fi etí ríran lóru, n ò gbọ́ nǹkan kan." Ó ta aṣọ bo ẹ̀rọ Ẹṣin. "N ó máa pààrọ̀ wáyà lábẹ́ aṣọ. Ẹ máa sọ èyí tó ń kọrin."

Ó tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ. Ẹṣin ní, "Ti Ìjàpá nìyí, ó tutù!" Ó tún tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òbúkọ ní, "Èyí ń ha létí!" Ó tún un ṣe. Ìjàpá fò sókè: "Tèmi nìyẹn! Ẹ ò gbọ́ gángan yẹn ni?"

Àdán ká aṣọ. Àdán ti dá wáyà Ìjàpá padà sínú páálí rẹ̀, kò sì mú un jáde rárá. Wáyà àtijọ́ ló ti ń kọrin látàárọ̀.

Wọ́n tú páálí náà. "Awọ mi rèé!" ni Òjòlá ké. Ìjàpá ta kìjí, Ẹṣin ta á nípàá, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yánkanyànkan. Wọ́n fi wáyà náà dè é mọ́ igi ní Ọjà Ọba títí ó fi san owó olówó.

Àgbò nìkan ni kò gba owó tirẹ̀. Ó ní wáyà Ẹṣin ni kò dáa, tòun ti ń là bọ̀, ó ku òru mẹ́wàá.