Ta Ló Yẹ Kó Fi Èènì Sí I?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oúnjẹ rírà nílé àti lókè òkun, kó má wulẹ̀ yọjú sínú àwo. Kó wo ẹni tó ń fún ẹnìkejì ní èènì. Nílé, ìyá olóúnjẹ ló ń fi èènì sí i fún oníbàárà. Ní London àti New York, oníbàárà ló ń fi èènì sí i fún ilé oúnjẹ, wọ́n á sì ti bá a ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà ṣe wàhálà. Àwọn nǹkan yòókù tí àwa ará òkèèrè máa ń rojọ́ lé lórí, ata tí kò ta, ẹran tí kò léegun, àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí oúnjẹ inú rẹ̀ kò ju ìtọ́wò lọ, gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan. Èèyàn lè gbé ata sápò. Ọ̀nà tí èènì ń gbà lọ ló ń sọ ẹni tó ni ọjà: ṣé ẹni tó mú owó wá ni, àbí ẹni tó gbé ìkòkò kaná.

Ẹ wo bùkà àmàlà kan ní Bódìjà tàbí Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan. Kò sí mẹ́nù. Ìkòkò ni mẹ́nù. Oníbàárà á tò sórí ìlà, á na ọrùn, á máa fi ìka júwe: "Ìyá, ẹ fún mi ní àmàlà mẹ́ta, ẹ da gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀. Ẹ fi ṣàkì kan sí i, pọ̀nmọ́ méjì. Rárá o, kì í ṣe ìyẹn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó nípọn." Ìyá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, síbẹ̀ èyí tó nípọn náà ni yóò bọ́ sínú abọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣírò owó tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ìyá, ẹ fi omi ọbẹ̀ sí i." Ó fi sí i. "Ẹ tún rọra fi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà ẹ wò ó." "Ṣé o fẹ́ gbé ìkòkò lọ ni?" Bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń bú oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń bu ọbẹ̀ sí i. Kì í ṣe sàráà ló ń ṣe o. Ó mọ̀ pé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín òun àti bùkà tó kàn, àti pé omi ọbẹ̀ síbí kan kò wọ́n tó oníbàárà tó bá ṣí lọ. Òun kò dín owó rárá, oníbàárà sì ń lọ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti rẹ́ ìyá náà jẹ. Mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé ọrọ̀ ajé tó gbé ètò tó dára jù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀.

Ní London ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi lé owó oúnjẹ, wọ́n sì ń pè é ní sáfíìsì. Wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé owó náà pé kò pọn dandan. Òótọ́ ni, kò pọn dandan. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ gbọ́dọ̀ pe agbóúnjẹ padà, kó sọ ọ́ síta, létí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Yorùbá wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àna rẹ̀? Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìjọba Bírítéènì alára rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan abẹ́ nínú: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin tuntun ti ń pa á láṣẹ pé gbogbo owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má ṣe yọ nínú rẹ̀. Èènì wo ló ń fẹ́ òfin àti agbẹjọ́rò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ?

Ti Amẹ́ríkà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí níbẹ̀, tíìpù kì í ṣe èènì mọ́, owó oṣù ni. Òfin àpapọ̀ wọn gbà kí ọ̀gá san 2.13 dọ́là fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tíìpù, iye yìí kò sì yí padà láti ọdún 1991. Àpò àwọn tó wá jẹun ni wọ́n ń wò kí owó náà tó pé 7.25 dọ́là tó jẹ́ owó ọ̀yà tó kéré jù lọ. Tí tíìpù kò bá tó ni ọ̀gá yóò tó fi kún un. Nítorí náà, ẹni tó lọ jẹ adìyẹ lọ́jọ́ Sátidé ti di agbanisíṣẹ́ títí yóò fi nu ẹnu tán. Wọ́n lè sọ pé ó yẹ ká ṣàánú agbóúnjẹ tí wọ́n ń san irú owó kékeré bẹ́ẹ̀ fún. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní California, níbi tí òfin ìpínlẹ̀ náà kò ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti san irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìsanwó ṣì ń kọjú sí oníbàárà pẹ̀lú ìdá 18, 20 àti 25 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn fún kọfí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbà lórí káńtà. Àánú kọ́ nìyẹn mọ́, àṣà tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń nawọ́ ni.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland á bi mí pé: ọ̀fẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fúnni ńkọ́? Omi oníyìnyín tí èèyàn ò béèrè, búrẹ́dì tó ń dé kí oúnjẹ tó dé, ife Coke tí wọ́n ń rọ kún títí ikùn yóò fi bẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí n fò ó. Ohun tí mo rí sí i ni pé gbogbo ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń gbé búrẹ́dì yẹn fún. Kò kan ojú ẹni, kò kan ẹnu ẹni. Èènì ní láti jẹ́ ohun tí a tọrọ, tí wọ́n sì lè fi dù wá. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tó mu Coke ife mẹ́rin kò ní ráyè sá fún ẹ̀rọ ìsanwó nígbà tó bá ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn òyìnbó kò mọ èènì rí. Ní New Orleans, àṣà ni láyé àtijọ́ pé kí olùtajà fi nǹkan kékeré kún ọjà. Mark Twain kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1883, lagniappe ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbúrẹ́dì ilẹ̀ England máa ń ka mẹ́tàlá fún méjìlá, ohun tí ọ̀pọ̀ sì gbà ni pé ìbẹ̀rù òfin òṣùwọ̀n ló fà á, kì í ṣe ọ̀yàyà. Ní Brazil, ẹni tó ń bu ohun mímu á rọ ọ́ kún ife tán, á tún da díẹ̀ sí i. Wọ́n ní in. Mẹ́nù tí wọ́n tẹ̀, àti ògiri tí wọ́n mọ sáàárín ilé ìdáná àti ẹni tó ń jẹun, ló gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó lè tọrọ omi ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìkòkò tí kò rí.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Salvador, ní Bahia, níbi tí ògiri yẹn kò tíì dé. Àwọn obìnrin tó ń ta acarajé níbẹ̀ ń jókòó síta pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè, wọ́n ń din àkàrà ẹ̀wà nínú epo pupa lójú gbogbo ayé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ là á láàárín, wọ́n á sì máa bu àwọn ọbẹ̀ wọn bíi vatapá àti caruru, àti edé gbígbẹ, sí i bí ẹni tó ń rà á ṣe ń júwe. Wọ́n á bi àlejò bóyá ó fẹ́ ẹ ní gbígbóná; ata ni wọ́n ń béèrè, àwọn tó bá rò pé iná ni wọ́n ń sọ sì máa ń sunkún. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Brazil ti ka iṣẹ́ wọn mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 tó dé, díẹ̀ ló kù kí ìlànà FIFA lé wọn kúrò nítòsí pápá Fonte Nova. Wọ́n fa ìjà náà títí FIFA fi gbà wọ́n láàyè. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi jà: ẹni tó bá kó wọn wọ inú ilé, tó fún wọn ní mẹ́nù, ti pa ọjà náà.

Àtakò kan wà tó wúwo ju gbogbo èyí lọ, ìmọ́tótó ni. Ní England, Wales àti Northern Ireland, láti 2010 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti ń fún ilé oúnjẹ ní máàkì ìmọ́tótó láti òdo dé 5. Ní Wales àti Northern Ireland, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ní England ẹni tó gba 1 lè fi tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Nílé, ojú àti imú ni olùbẹ̀wò wa. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó pa ènìyàn, ọ̀yàyà ìyá olóúnjẹ kò sì lè wo ẹni kan sàn. Èmi kò ní fi èyí ṣe àwàdà. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí a rí: owó orí ni wọ́n ń fi bẹ ilé oúnjẹ wò ní òkè òkun, kì í ṣe ìdá 12.5 yẹn. Kò sí ohun tó ní kí Bódìjà má ní omi ẹ̀rọ tó mọ́ àti èènì pa pọ̀.

Àwọn mìíràn á ní ìyá ti ka èènì mọ́ owó tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àrékérekè náà sì ń tù mí lára ju òtítọ́ ẹ̀rọ ìsanwó lọ. Èyí tó ń já mi láyà ni pé èènì ti ń rù. Lóṣù kẹfà ọdún 2024 kan náà, ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ ní Nàìjíríà kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, omi ọbẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń fi ìṣọ́ra bù. Ní àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Erékùṣù Èkó, ẹni tó jẹ ẹ̀bá yóò rí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò rí owó orí ìpínlẹ̀ ìdá 5, yóò sì tún bá sáfíìsì pàdé níbòmíràn, bí ìgbà tó wà ní London.

Oúnjẹ ilẹ̀ wa ní London fúnra rẹ̀ ti gòkè kọjá àrọ́wọ́tó wa. Ní Old Kent Road àti Peckham, a ṣì ń rí àmàlà jẹ, ṣùgbọ́n láti inú ilé ìdáná ló ti ń jáde wá pẹ̀lú ẹran tí wọ́n ti bá wa yàn. Ilé oúnjẹ Ikoyi, tó ṣí ní 2017, ti ní ìràwọ̀ Michelin méjì. Adejoké Bakare gba ìràwọ̀ kan fún ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, ní 2024, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Bírítéènì. Orí wa wú. Ṣùgbọ́n ní Ikoyi, owó ẹnìkan lè lé ní 300 pọ́n-ùn, ẹni tó ń se oúnjẹ ló sì ń pinnu ohun tí a óò jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ dán an wò, ẹ ní kí wọ́n fi omi ọbẹ̀ sí i.

Nílé náà, áàpù ti ń gbé àmàlà dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Kò sí ìkòkò lójú, kò sí ìka láti fi júwe pọ̀nmọ́. Àpótí kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, àwọn ọmọ Ìbàdàn sì ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi ọbẹ̀ sí i, oníbàárà yín ni mí." Bóyá ìyá ń kà á, èyí kò tíì hàn nínú ọbẹ̀.