Bàbá Ìbejì Fẹ́ Sá Máráthọ́nù

Ẹ sún mọ́bí, àmọ́ bí wọ́n bá bi yín, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Bàbá Ìbejì yàrá kejì, tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ oníke ní Ọba Àkran, ló ní òun máa sá Máráthọ́nù Èkó. Kìlómítà 42.195! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì Agége, ọmọ ló ń rán lọ sí ìkóríta.

Àwòrán Abraham Kiptum ló rí lórí fóònù, ọmọ Kẹ́ńyà tó gbapò kìíní nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Mo ní ṣé kò gbọ́ ìyókù ni? Ní 2019, wọ́n fòfin de Kiptum fún ọdún 4. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí. Ọ̀nà àbùjá ò sí nídìí eré ẹlẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì jáde lẹ́nu iṣẹ́ láìsùn, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó di Ògbà, ó di Agídíńgbí. Dánfó ló gbé e padà, tó ń fọwọ́ ra ojúgun. Ìyá Ìbejì wá yá róòbù lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìbejì tí ìkòkò mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Iléyá! Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ ná.

Kóòṣì kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré Agége ló wá là á yé e. Ojú fèrèsé ni mo wà, mi ò yọjú. Ó ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ eré. Eegun àti iṣan tó so mọ́ ọn ló ń pẹ́. Èémí á ní ó yá, ojúgun á ní òun ò tíì múra. Kó sá ìṣẹ́jú kan, kó fi méjì rìn, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ohun tó bá ń fi kún un lọ́sẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kó sá a kí oòrùn tó mú, inú àdúgbò ni, kì í ṣe ẹ̀yìn tírélà eléèéfín. Bó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, kó sùn. Ojú oorun lara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kó dúró, kó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

“Bí ẹ ò bá lè tàkúrọ̀sọ bẹ́ ẹ ṣe ń sá, ẹ ti sáré jù nìyẹn, Bàbá Ìbejì. Ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀.”

Ni gbogbo ilé bá kọjú sí fèrèsé mi!

Bí mo ṣe di eléré ìdárayá nìyẹn. Ìyá Ìbejì náà ń tẹ̀ lé wa, ó lóun ò gbà kí èmi nìkan máa bá ọkọ òun jí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mí gúlegúle nínú wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí onílé ń gbà lọ́wọ́ yàrá karùn-ún fún yín...