Kọ́mà Ìyá Akápò

Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé ká yé fi bírò ro owó, èmi á kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un ní Python. Ìyá Akápò wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Kò burú." Lálẹ́, owó tí èèyàn márùn-ún dá wọlé lórí WhatsApp, lórí ìlà kan ṣoṣo:

5000,2000,10000,1,500,3000,

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ewu níbẹ̀, ẹ kú ojú. Èmi ò rí nǹkan kan.

split(",") ni mo pè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gé ìlà níbi tí kọ́mà bá wà, ó sì gé e. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fi + ro wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí 0. Ó kọ̀, ó ní òun kò lè da nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ: ọ̀rọ̀ lásán ṣì ni "5000" tí split gé, kò tíì di iye. Kàkà kí n gbọ́, mo yọ 0, mo fi "" sípò rẹ̀. Ariwo rọlẹ̀. Mo fi àròpọ̀ ránṣẹ́ sójú ẹgbẹ́ tayọ̀tayọ̀: 500020001000015003000.

Bàbá Alága ní, "Nọ́ńbà fóònù ta nìyí?"

Ojú ò tì mí tó, mo tún to owó láti orí ẹni tó dá jù. Alhaja tó dá 10000 bọ́ sábẹ́ 500 tí ẹnì kankan kò dá. Bí orúkọ inú réjísítà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń to ọ̀rọ̀: 5 tó ṣíwájú ló wò, kò ka òdo sí. Ohùn tí Alhaja gbà ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ n fi í pamọ́.

Nígbà tí mo wá fi int kún un, ValueError ló kí mi káàbọ̀. Kọ́mà tó parí ìlà ti fi òfìfo kan sẹ́yìn, int kò sì mọ bí a ṣe ń sọ òfìfo di nọ́ńbà. Mo ní kó fò ó:

[int(x) for x in owo.split(",") if x.strip()]

Àròpọ̀ di 20501.

"21500 ló wà lọ́wọ́ mi," Ìyá Akápò ní. "Ibo lo ti rí tìẹ?"

Kọ́mà ti la 1,500 sí méjì: ẹnì kan dá náírà kan, àjèjì kan dá 500. (Ìdí tí 1,500 fi gba kọ́mà tí 10000 kò gbà á, mi ò láyà láti béèrè.) Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi sẹ́míkólọ̀n ya owó sọ́tọ̀, èmi á fi replace(",", "") yọ kọ́mà inú owó kí int tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbà. Ti ọ̀sẹ̀ kejì ti wọlé:

5000;ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀;10,000