Díákónì Gun Ìgbálẹ̀, Owó Àjọ Ò Tíì Pé

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n eléyìí mì nínú mi títí ó fi dà sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí á mọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà á sì mọ̀ ọ́n.

Dádì kan wà ní Peckham, ní London níbí, tí gbogbo wa mọ̀ sí Díákónì. Owó àjọ oṣù méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí olórí àjọ pè é, ńṣe ló ń kérora: nǹkan ò rọgbọ, gáàsì àti iná mànàmáná ti gbé gbogbo owó lọ. Wọ́n bá forí jì í. Ìyá tí àjọ kàn lóṣù náà, tó fẹ́ fi tirẹ̀ sanwó ilé ìwé ọmọ n'Íbàdàn, fọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, sítátọ́ọ̀sì ìyàwó Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò lórí WhatsApp. Kí la rí? Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn fẹyín síta ní Leavesden, lẹ́bàá Watford, ní sítúdíò tí wọ́n ti ṣe fíìmù Harry Potter mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó ya GoldenEye, fíìmù James Bond ti 1995, ló sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Láti 2012 ni Warner Bros. ti ṣí i fún ará ìlú. Bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í ṣàdédé yọjú síbẹ̀ kó máa tọwọ́ bọ àpò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣáájú ni wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ti àgbà kan sì lé ní £50. A jẹ́ pé lọ́jọ́ tí dádì ń sunkún gáàsì, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nínú fóònù rẹ̀!

Tó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, ì bá sàn. Díákónì yìí kan náà ló dìde nípàdé àwọn òbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ọmọ onígbàgbọ́ kan ò gbọdọ̀ fojú kan Harry Potter, pé iṣẹ́ àjẹ́ ni. Ìyá kan tiẹ̀ délé, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó kó o dànù, ọmọ náà sunkún sùn. Ẹ wá wo fọ́tò: Díákónì wọ ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ Hogwarts, ilé ìwé inú Harry Potter, ó gun ìgbálẹ̀, ó ń fò lókè London! Kò fò ní ti gidi, níwájú aṣọ àwọ̀ ewé ni wọ́n gbé e gùn ún, kọ̀ǹpútà ló fi ìlú sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n ní àjẹ́ ilé wa ń lò, òru ni wọ́n sì fi ń ṣe tiwọn. Ti dádì, ọ̀sán gangan ni, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ó sanwó fọ́tò. Ó ra ọ̀pá idán kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ.

Ẹ rò pé ilé ló kàn? Ó di àárín London, ó di ilé oúnjẹ oníràwọ̀ Michelin. Lóòótọ́, oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti gòkè àgbà níbẹ̀. Ilé oúnjẹ Ikoyi ti ní ìràwọ̀ méjì láti 2022; ní 2024, Akoko àti Chishuru gba tiwọn, Adejoké Bakare tó ni Chishuru sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á nílẹ̀ Bìrìtìkó. Orí wa wú. Irú ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀, ẹ má bi mí pé èwo. A rí àkàrà ẹyọ kan ṣoṣo láàárín àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tín-ín-rín lórí rẹ̀. Ìyá ìyàwó ńkọ́, tó ti Abẹ́òkúta wá bá wọn tọ́jú ọmọ, tó mọ àkàrà dín dáadáa? Ilé ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Kò sẹ́ni tó ní kí òbí má mú ọmọ jáde. Ẹni tó ti san tirẹ̀, kó lọ, kó jẹ àjẹpọ́nnulá. Ṣùgbọ́n ní Gbọ̀ngàn Ńlá Hogwarts tí wọ́n ti ya fọ́tò, rẹ́sìnnì ni wọ́n dà ṣe púpọ̀ nínú oúnjẹ tó kún tábìlì nínú fíìmù: ó dán, ó dára lójú, kò ṣeé jẹ. Irú ayé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé lórí WhatsApp nìyẹn, owó ẹlòmíì la sì fi ń kùn ún.

Nígbà tí wọ́n bi ìyàwó, ó ní ẹnìkan ló fi gbogbo rẹ̀ ta àwọn lọ́rẹ. Kò burú. Olórí àjọ ti ní kí wọ́n mú owó wá kí oṣù yìí tó parí, tàbí kí orúkọ wọn kúrò. Ọ̀pá idán mẹ́ta ló wà nílé wọn báyìí. Kí wọ́n yáa fi ọ̀kan pe owó náà jáde.